Ọjọ́ Méje Nínú Ilẹ̀: Láti Ifẹ̀ Dé Iléṣà

Ọjọ́ Ajé

Ọkọ̀ gbéra ní Ìwó Róòdù n'Íbàdàn nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. A kọjá Aṣẹ́jirẹ́, a dé Ìkirè, àwọn tó ń ta dòdò sì ti yí wa ká kí dẹ́rẹ́bà tó tẹ bíréèkì tán. Mo ra méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí mo ń lọ bá ní àdúgbò Ìrẹmọ n'Ífẹ̀, nítorí èèyàn kì í lọ kí àgbà lọ́wọ́ òfo.

Ohun tó gbé mi dìde nílé nìyí. Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi tó ń gbé ní Jámánì fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi láti Pólàńdì, níbi tó ti sọ̀ kalẹ̀ sínú kùsà iyọ̀ Wieliczka. Àtẹ̀gùn onígi 380 ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀. Ibi tí wọ́n ń mú àlejò dé jìn tó mítà 135. Kùsà náà fúnra rẹ̀ jìn tó mítà 327. Àwọn awakùsà ìgbà náà gbẹ́ ilé ìjọsìn sínú iyọ̀, wọ́n fi iyọ̀ ṣe ère, wọ́n fi iyọ̀ ṣe ìṣù àtùpà tó ń rọ̀ láti òkè. UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé láti 1978. Àbúrò mi ní òun fi ahọ́n tọ́ ògiri wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀ pé ilẹ̀ ní inú."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Tíṣà jọ́gíráfì ni mí. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń ya ìpele ilẹ̀ sójú pátákó: ilẹ̀dú lókè, ilẹ̀pa lábẹ́ rẹ̀, òkúta nísàlẹ̀. Mi ò wọ inú rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ Ifẹ̀ ni ilé ìyá mi, ìlú tí ìtàn sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ da iyanrìn sórí omi, tí adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tàn án títí ó fi fẹ̀. Nígbà tí Ìyá Àgbà wá pè mí pé àwọn ń gbẹ́ kànga tuntun sí ẹ̀yìnkùlé, mo tọrọ ààyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ pupa ni mo kọ́kọ́ rí kí n tó rí ilé. Bàbá tó ń gbẹ́ kànga náà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Kànga, jókòó sórí garawa tó dojú dé, wọ́n ń jẹ ẹ̀bà. Ẹsẹ̀ bàtà 19 ni wọ́n ti gbẹ́ dé. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn.

"Àǹtí, ẹni tó bá gbẹ́ kànga nígbà òjò, omi á tàn án jẹ. Á rò pé òun ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tó bá di oṣù Kejì, kànga á gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lé omi bá nígbà tó sá lọ jìnnà jù lọ, níbo ni yóò tún sá lọ?"

Mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ wọ inú kànga. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní kí n dúró di Ọjọ́rú, kí n wọ ṣòkòtò, kí n má sì jẹun yó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo lọ sí mùsíọ́mù tó wà ní Ẹnuwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni. Mo ti dé ibẹ̀ rí nígbà tí mo wà ní kékeré, ṣùgbọ́n ojú ọmọdé ni mo fi wò ó nígbà náà. Lónìí, iwájú àwọn orí amọ̀ ni mo pẹ́ sí jù. Idẹ ló gbajúmọ̀, òun làwọn ará òkè òkun ń kọ ìwé lé lórí, ṣùgbọ́n amọ̀ ló ṣáájú. Ẹni tó fẹ́ dá orí idẹ á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ inú orí náà. Á fi ìda oyin bo amọ̀ ọ̀hún, ara ìda yẹn ni yóò ti ṣe imú, ètè, àti àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lójú. Á tún fi amọ̀ bo ìda náà lókè. Tí iná bá mú un, ìda á yọ́ jáde, idẹ gbígbóná á wá gba ipò tó fi sílẹ̀. Amọ̀ nínú, amọ̀ lóde, idẹ láàárín. Ojú tí gbogbo ayé ń yìn yẹn, inú ilẹ̀ ló ti gba ìrísí.

Inú ilẹ̀ náà ló sì padà sí. Ní 1938, ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ tí kò jìnnà sí ààfin, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ni dígà wọn kan àwọn orí idẹ. Ní 1957, àwọn lébìrà tó ń wa ilẹ̀ ní Ìta Yemòó tún kan òmíràn: ère Ọọ̀ni àti ayaba tí wọ́n fi apá àti ẹsẹ̀ kọ́ ara wọn. Frank Willett, awalẹ̀pìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì, ló wá walẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn náà. Kò sí ẹni tó ń wá nǹkan kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ rí i. Ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́.

Láti mùsíọ́mù, mo wọ ọ̀kadà lọ sí Ìta Yemòó. Ọ̀gbẹ́ni tó mú mi wọlé kò yára sọ̀rọ̀, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ó tọ́ka sílẹ̀, ó sì fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí mo ń wò.

Apáàdì ni. Apáàdì kan náà tí a mọ̀ nílé, tó láyà tí a fi ń fi í gbé ẹ̀yinná. Ẹnì kan kó ọ̀kẹ́ àìmọye rẹ̀ jọ, kò tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ńṣe ló rì í mọ́lẹ̀ ní ìdúró, etí rẹ̀ nìkan ló yọ sókè, ìlà kan dagun sọ́tùn-ún, ìlà kejì dagun sósì, bí eegun ẹ̀yìn ẹja. Láwọn ibòmíràn, wọ́n a máa to òkúta funfun wẹẹrẹ sáàárín rẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn fi ọ̀pọ̀ irú ilẹ̀ alápáàdì yìí sí àárín nǹkan bíi 1000 sí 1400. Láwọn àgbàlá kan, wọ́n rí ọrùn ìkòkò tí wọ́n rì mọ́ àárín apáàdì, ẹnu rẹ̀ ṣí sókè, níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan sílẹ̀ fún ilẹ̀ mu.

Ìtàn ẹnu sọ pé Lúwòó, Ọọ̀ni tó jẹ́ obìnrin, ló ní kí wọ́n ṣe é, nítorí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, bí ẹni pé afẹ́ lásán ló ṣe. Ojú tí mo fi wò ó lónìí yàtọ̀. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ sí etí rẹ̀, bí mo ti kúnlẹ̀ fún bíi ogún ìṣẹ́jú, á rí i pé ẹni tó ṣe é kò sá fún ilẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n wà, wọ́n fi mọ ìkòkò, ìkòkò sin ilé títí ó fi fọ́, wọ́n sì dá àfọ́kù rẹ̀ padà sínú ilẹ̀ lọ́nà tó lẹ́wà ju bí wọ́n ti gbà á lọ. Mo bẹ ọ̀gbẹ́ni náà kí n fọwọ́ kàn án. Ó ní rárá. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo wa bá ń fọwọ́ kàn án, kò ní kù.

Ní alẹ́, Ìyá Àgbà ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, bí òjò ńlá bá ti rọ̀ tán, irú apáàdì bẹ́ẹ̀ a máa yọ lójú títì àti lẹ́bàá gọ́tà, àwọn á máa fo láti orí ìlà kan sí èkejì. Wọn ò mọ̀ pé ohun ńlá ni. Mo bi wọ́n bóyá ó ṣì wà. Wọ́n ní, "Kọnkéré ti gun orí rẹ̀, ọmọ mi."

Ọjọ́rú

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ jí. Kí n tó bọ́jú tán, wọ́n ti bu omi tútù sínú àwo, wọ́n ta á sí ẹnu kànga lẹ́ẹ̀mẹta. "Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí, ọmọ rẹ fẹ́ wá kí ọ. Jẹ́ kó lọ, jẹ́ kó bọ̀." Láti èwe ni Ìyá Àgbà ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kì í pa ọjọ́ ìsinmi kan jẹ. Mi ò béèrè nǹkan kan lórí omi náà. Mo kúnlẹ̀ títí wọ́n fi ṣe tán.

Bàbá Kànga ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé láìyẹ afẹ́fẹ́ wò. Wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n gbé e sínú agolo, wọ́n fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo wa dojú bo ẹnu kànga. Iná náà ń kéré lọ, ó ń kéré lọ, ṣùgbọ́n kò kú. Bí ó bá kú, afẹ́fẹ́ tí à ń mí kò sí nísàlẹ̀ nìyẹn. Carbon dioxide wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, ìsàlẹ̀ ihò ló máa ń rọ̀gún sí, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Àmọ́ àbẹ́là kì í sọ gbogbo òótọ́. Èéfín jẹnẹrétọ̀ lè pa èèyàn nígbà tí àbẹ́là ṣì ń jó, ìdí nìyẹn tí Bàbá Kànga kì í fi í jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ afami tó ń mu bẹntiróò sún mọ́ ẹnu kànga bí èèyàn bá wà nínú rẹ̀, áńbọ̀sì kí wọ́n gbé e wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gbẹ́ kànga nílé yín, ẹ má fojú kékeré wo èyí.

Wọ́n so okùn mọ́ mi nídìí àti lábẹ́ apá. Àwọn ọmọ wọn méjì di okùn mú, wọ́n gbé e gba orí igi ìdábùú. Kànga náà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, wọ́n sì ti gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ sí ògiri rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Èèyàn á ya ẹsẹ̀, á máa tẹ ìhín, á máa tẹ ọ̀hún. Wọ́n ti dé ẹsẹ̀ bàtà 27 láàárọ̀ yẹn. Gíga Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn tí gbogbo ènìyàn ń gbé orí sókè wò jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 18. Bí wọ́n bá sọ ọ́ sínú kànga wa, yóò wọlé tán, àyè á sì ṣẹ́ kù lókè rẹ̀.

Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n máa rọra sọ̀ mí, nítorí mo fẹ́ ka ògiri.

Ẹsẹ̀ bàtà kan àkọ́kọ́, ilẹ̀dú. Gbòǹgbò koríko ń rọ̀ jáde lára rẹ̀ bí irun. Èédú wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, eérú, egungun adìẹ, ìṣẹ́ ìkòkò. Gbogbo ohun tí agbo ilé yìí ti jẹ, tó ti fọ́, tí wọ́n ti gbá dànù, ilẹ̀ kò sọ ọ̀kan nù. Bàbá Kànga máa ń ya ìṣẹ́ ìkòkò sọ́tọ̀ fún Ìyá Àgbà wò. Mo sọ fún wọn lókè pé láti 1979 ni òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ní kí ẹni tó bá hú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde fi tó àjọ tó ń rí sí mùsíọ́mù létí. Nílùú tí orí idẹ ti yọ láti inú ìpìlẹ̀ ilé, gbogbo agbẹ́kànga ni awalẹ̀pìtàn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀pa, pupa bí osùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Irin tó wà nínú ilẹ̀ ló dípẹtà tó pọ́n bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yangí, wóró wóró bí ẹ̀wà tó jóná mọ́ ìkòkò. Ojú dígà hàn lára rẹ̀ bí ìlà ojú. Bàbá Kànga ní ọjọ́ méjì gbáko ni yangí yìí gbà lọ́wọ́ àwọn kí wọ́n tó rí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún gbẹ́. Òun kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ojúbọ Èṣù. Nígbà tí mo fi èjìká kàn án, tó ha mí lára, ó yé mi pé ẹni tó yàn án mọ ohun tó ń ṣe.

Abẹ́ yangí ni ohun tí ìwé ò múra mí sílẹ̀ fún wà. Ògiri yí padà, ó rọ̀, ó tutù, ó sì gba àwọ̀ mẹ́ta pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi ẹfun, osùn àti omi ìyeyè kun ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá sì tún sọ̀ sí i, àwọ̀ yẹn á dáwọ́ dúró, òkúta á bẹ̀rẹ̀. Ìlà òkúta ni, ó dagun, funfun lórí dúdú lórí funfun, ó ń dán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú iná tọ́ọ̀ṣì. Mo na ọwọ́ sí i, ó wó sí mi lọ́wọ́ bí gúgúrú tó ti pẹ́. Òkúta tó ti di iyẹ̀pẹ̀, tí kò tíì gbàgbé ìlà ara rẹ̀. Àwọn òkúta ilẹ̀ wa yìí ti ju ọdún mílíọ̀nù 500 lọ. Omi òjò tó ń wọ́ wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ títí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní èyí láìmọye ìgbà. Mi ò mọ̀ pé ó máa ń wó jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo dé ìsàlẹ̀. Mo pa tọ́ọ̀ṣì.

Ojú ọ̀run kò ju ẹnu ìkòkò lọ. Ooru ẹ̀ẹ̀rùn tó ń pa wá lókè kò dé ibẹ̀. Òórùn rẹ̀ dà bí ti ìkòkò tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn omi sí. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, mo dákẹ́, mo sì gbọ́ pé ẹnì kan ń gún iyán. Kì í ṣe etí ni mo kọ́kọ́ fi gbọ́ ọ, ẹ̀yìn mi ló gbọ́ ọ. Láti ilé kejì ni ìró odó ti gba inú ilẹ̀ wá bá mi. Omijé bọ́ lójú mi, mi ò sì nù ún. Ní Ifẹ̀, a kì í sọ pé Ọ̀rànmíyàn kú, a ní ó wọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣe ìlú yìí ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nípa wọn. Mo ti máa ń rò ó sí ọ̀rọ̀ ọlá, bí a ṣe ń sọ pé ọba wàjà. Nísàlẹ̀ yẹn, mo gbà pé ibì kan wà láti wọ̀ sí.

Mo lo nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí wọ́n fà mí jáde, Bàbá Kànga bi mí, "Kí lẹ rí?" Mo ní, "Bàbá, mo rí i pé tíṣà ni yín." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bu omi fún mi mu.

Ọjọ́bọ̀

Gbogbo ara ló ń ro mí. Mo sùn títí di ọ̀sán.

Nírọ̀lẹ́ ni mo tó lè rìn dé ìhà Igbó Olókun. Ibẹ̀ ni Leo Frobenius ará Jámánì dé ní 1910, tó rí orí idẹ tí wọ́n ń pè ní ti Olókun. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ kì í ṣe orí yẹn, ìlẹ̀kẹ̀ ni. Abídèmí Babatúndé Babalọlá, ọmọ wa, ló walẹ̀ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó ju 12,000 lọ ni wọ́n sì hú jáde, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí dígí yíyọ́ lẹ̀ mọ́ nínú. Nígbà tí wọ́n yẹ dígí náà wò, wọ́n rí i pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá ti ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù mu. Iyanrìn àti òkúta àdúgbò wa ni wọ́n yọ́. Nǹkan bí 1000 sí 1500 ni iṣẹ́ náà wáyé. Sẹ̀gi tí àwọn ìyá wa fi ń ṣọlá, ilẹ̀ Ifẹ̀ ló bí i.

Ọjọ́ Ẹtì

Ìpetumodù. Ọ̀nà Ìbàdàn ló wà, a sì ti kọjá rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé láìdúró. Ìlú àwọn amọ̀kòkò ni, iṣẹ́ obìnrin sì ni. Ìyá kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Ìyá Àgbà ló gbà mí lálejò. Mo dọ̀bálẹ̀ ọkàn mi fún wọn láti ìgbà tí mo ti rí ọwọ́ wọn. Ọwọ́ náà ti gba àwọ̀ amọ̀, kò ní ṣí mọ́.

A lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀, wọ́n sì fún mi ní ọkọ́. Ihò náà ò jìn tó kànga wa, ó gbà mí dé àyà péré, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé amọ̀ kì í fẹ́ kí èèyàn fipá mú òun. Ó mú ọkọ́ mi dání, ó mú bàtà mi, ó mú ẹsẹ̀ mi. Ìyá ní kí n bọ́ bàtà sílẹ̀. Wọ́n bù díẹ̀, wọ́n yí i bí okùn, wọ́n wé e mọ́ ìka wọn. Kò ya. "Èyí dára. Èyí tó bá ya, iyanrìn rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Nílé, wọ́n gún un nínú odó, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n ṣa gbogbo òkúta wẹẹrẹ inú rẹ̀ kúrò. Wọ́n dojú ìkòkò àtijọ́ kan dé, wọ́n fi eérú pa ìdí rẹ̀, wọ́n tẹ́ amọ̀ lé e, wọ́n ń fọwọ́ lù ú títí ó fi gba ìrísí. Tó bá le díẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á dojú rẹ̀ sókè, wọ́n á wá máa mọ ọrùn rẹ̀. Kò sí àgbá tó ń yí. Ìyá fúnra wọn ló ń yí: wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ká, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ kò kọsẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀, òòyì kọ́ mi. Wọ́n dì mí mú lápá, wọ́n ní, "Má wo ẹsẹ̀ rẹ. Ẹnu ìkòkò ni kí o máa wò." Orí ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n ti ń sun ún, igi àti koríko ni wọ́n fi ń bò ó.

Mo bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe ihò tí wọ́n bá ti wa amọ̀ inú rẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ náà yà wọ́n lẹ́nu.

"A ó dí i. Ṣé a ò ní lọ́mọ tó ń sáré lórí ilẹ̀ ni?"

Wọ́n ta ìkòkò omi kan fún mi. Mo gbé e lé itan títí tí mo fi délé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ọmọ Ìyá Àgbà tó jẹ́ ọkùnrin fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ sí Iléṣà. Ọ̀nà náà kò gùn, nǹkan bíi kìlómítà 30. Ìtàn sọ pé nígbà tí Odùduwà ṣàìsàn ojú, Ajíbógun ló lọ bu omi òkun wá láti fi ṣe ìwòsàn, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ Ọbòkun; láti Ifẹ̀ ni oyè Ọwá Iléṣà ti ṣẹ̀. Irú kan náà ni òkúta abẹ́ ilẹ̀ méjèèjì. Àwọn onímọ̀ òkúta ń pe gbogbo rẹ̀ ní ìgbànú Ifẹ̀ sí Iléṣà, inú rẹ̀ ni wúrà wà: lára òkúta funfun ní ìhà Ìpẹrindó àti Odò-Ìjẹ̀ṣà, àti nínú òkúta wẹẹrẹ abẹ́ odò ní ìhà Ìtagunmodì. Ní oṣù Keje 2021, kùsà tí wọ́n sọ ní Sẹ̀gilọlá da wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́. Orúkọ náà mú mi dúró. Sẹ̀gi tún ni. Dígí tí Ifẹ̀ yọ́ láti inú ilẹ̀ ti wá di orúkọ wúrà tí Ìjẹ̀ṣà ń wà láti inú ilẹ̀.

Ìhà Ìtagunmodì la gbà lọ. Mo fẹ́ kí n rí inú ilẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, mo sì rí i, ṣùgbọ́n mi ò wọ̀ ọ́. Oko kòkó la ń kọjá, òjijì ni kòkó tán. Ihò. Omi pupa dúró nínú rẹ̀, ihò mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn lẹ́yìn ìyẹn. Ilẹ̀dú tí ó yẹ kó wà lókè ti wà lábẹ́ òkìtì amọ̀. Wọ́n ti yí ilẹ̀ sódì. Àgbẹ̀ kan tó bá wa rìn ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á gbẹ́ gba inú amọ̀ kọjá títí wọ́n fi kan òkúta wẹẹrẹ, wọ́n á kó o sórí pákó tó dagun tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí, wọ́n á máa da omi sí i. Iyanrìn á ṣàn lọ. Wúrà wúwo, á dúró sínú irun kápẹ́ẹ̀tì.

Mi ò bínú sí ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ nínú ilẹ̀. Bàbá Kànga náà ń wá a níbẹ̀, Ìyá Ìpetumodù ń wá a níbẹ̀. Ohun tó dùn mí ni ẹnu ihò tó ṣí sílẹ̀. Bàbá àgbẹ̀ fi ibi tí ewúrẹ́ wọn rì sí hàn mí. Wọ́n ní àwọn tó wa ibẹ̀ ti lọ, wọn ò sì mọ ẹni tí àwọn lè pè. Omi tí wọ́n fi fọ òkúta ń lọ sínú odò kéékèèké, odò kéékèèké ń lọ sínú ńlá. Omi Ọ̀ṣun tó ń gba inú igbó Òṣogbo kọjá, igbó tí UNESCO kọ sínú ìwé ní 2005, ti pọ́n bí omi ilẹ̀pa láti ọdún mélòó kan, ìwakùsà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ́ka sí. Mo rántí Zamfara ní 2010, nígbà tí òjé tó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nílé pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Òkúta ibẹ̀ kì í ṣe ti ìhín. Àmọ́ ọmọ ni ọmọ.

A dá padà láìsọ̀rọ̀. Ní Iléṣà, a jẹ iyán ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Àtakúmọ̀sà. Ó dára gan-an.

Ọjọ́ Àìkú

Ọmọ Bàbá Kànga ló wá kan fèrèsé mi kí ojúmọ́ tó mọ́ tán. "Àǹtí, ojú omi ti là!"

Ẹsẹ̀ bàtà 34. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ dé ibẹ̀ lálẹ́ àná kí wọ́n tó ṣíwọ́, ilẹ̀ sì ti fúnra rẹ̀ sun omi jáde mọ́jú. Wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ méjì ló wo wa padà láti ìsàlẹ̀. Garawa àkọ́kọ́ funfun bí omi ògì. Ìyá Àgbà gbà á, wọ́n da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹnu kànga, kò sẹ́ni tó tọ́ ọ wò. Garawa kejì ni wọ́n dà sínú ìkòkò tí mo gbé wá láti Ìpetumodù. Wọ́n ní ìkòkò náà kì í ṣe tèmi mọ́. Mo gbà.

Mo di àpò ọ̀rá márùn-ún fún àwọn ọmọ kíláàsì mi: ilẹ̀dú, ilẹ̀pa, yangí, amọ̀ alámì, àti òkúta tó ń wó. Mo ti bá Bàbá Kànga sọ ọ́ pé tí wọ́n bá tún rí kànga tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ní ìhà Ìbàdàn, kí wọ́n pè mí. Mo fẹ́ mú àwọn ọmọ náà wá, mẹ́rin mẹ́rin, kí wọ́n dojú bo ẹnu rẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ kan gbogbo ohun tó bá jáde. Wọ́n ní àwọn á ṣe ọgbà yí ẹnu rẹ̀ ká fún wọn.

Mo bu omi kànga náà sínú ìgò kan, mo gbé e sí ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ti tòrò kí a tó dé Aṣẹ́jirẹ́. Amọ̀ tó rọ̀gún sísàlẹ̀ ìgò nípọn tó èékánná àtàǹpàkò mi.